Àjà Tí Kò Kan Orí Ẹnìkankan

Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìṣirò ti ìka bọ ẹnu kó tó ṣí ojú-ewé kan, ó tún tì í bọ̀ ọ́ kó tó ṣí òmíràn. Omi ẹnu rẹ̀ ń dán létí bébà bí ipa ìgbín. Obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ gbójú sá, ó ń wo fèrèsé, ṣùgbọ́n etí ò ṣe é gbé sá. Ó ń gbọ́ bí ìka náà ṣe ń wọlé tó sì ń jáde.

"Ẹ wò ó, Màdáámù," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àbúrò yín ò kú. Ẹni tó fi irú èyí sílẹ̀, ṣé èèyàn á máa pè é lókùú?"

Ó ti ìwé náà sí i. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìrántí ni, èyí tí ẹ̀ka náà fẹ́ ṣayẹyẹ fún kí wọ́n tó gbé e jáde ní orúkọ àbúrò obìnrin yìí. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bó bá sì fẹ́ pa ohun tó kọ sójú pátákó rẹ́, jẹ́jẹ́ náà ni, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Kíndìnrín ló pa á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń kọ́ni nínú ẹ̀ka náà ni. Ẹ̀gbọ́n yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Ẹ̀rí bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, nítorí kò sí ohun tí wọ́n lè bá a sọ tí kò ní béèrè pé, "Ẹ̀rí rẹ̀ dà?"

Ìyá Ẹ̀rí fi ṣóńṣó ìka méjì di ìwé náà mú níbi tó gbẹ. Iṣẹ́ tí Jẹ́jẹ́ ṣe gbẹ̀yìn ló ṣáájú. Ó mọ gbogbo ìlà inú rẹ̀ bó ṣe mọ ohùn ẹni tó kọ ọ́. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì bá gbólóhùn kan pàdé tí kò mọ̀ rí: *Ààlà yìí kan orí, kò sì ṣe é rẹ̀ sílẹ̀ mọ́.*

Ó padà sókè, ó tún un kà.

Ọ̀rọ̀ ilé ni "kan orí" nínú ẹ̀ka náà. Iṣẹ́ wọn dá lórí pọlinọ́míà, àwọn ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pá kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọ́n á ní kí ìtóbi pọlinọ́míà kan má ju iye báyìí lọ, wọ́n á sì béèrè pé, pẹ̀lú ìtóbi yẹn, báwo ni ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe lè le tó? Ìdáhùn a máa jẹ́ ààlà: kò lè ju báyìí lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé àjà ilé sókè réré kó wá ní kò sẹ́ni tó ga jù ú lọ nínú ilé. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kí ló fi ṣe? Iṣẹ́ tó le ni kéèyàn gbé àjà síbi tí orí ẹni tó ga jù lọ ti kàn án gẹ́lẹ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi ìwọ̀n irun kan rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á tẹ olúwarẹ̀ lórí. Ìyẹn ni ààlà tó kan orí. Nínú yàrá ìpàdé wọn, wọ́n ti fi í ṣe òfin pé ẹni tó bá ní ààlà òun kan orí gbọ́dọ̀ mú ẹni tí orí rẹ̀ kàn án wá sójú pátákó, kí gbogbo wọn fi ojú rí i. Bí kò bá rí i mú wá, kó yáa jókòó.

Jẹ́jẹ́ ò mú ẹnì kankan wá. Kò sì sọ pé òun ní. Orí ibùsùn àìsàn ló wà nígbà tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Àǹtí mi, àjà gíga lásán ni mo ṣì gbé. Bí ara bá yá, màá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀." Ara ò yá.

"Ọ̀gá," ni Ìyá Ẹ̀rí wí, "ta ló kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí?"

"Èwo nínú rẹ̀?" Ọ̀gá tún ti ìka bọ ẹnu. "Á, ìyẹn. Ẹ bi Ẹnu-Oyin. Òun ló bá wa tún un ṣe. Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ í tò, ẹ jàre."

Ẹnu-Oyin ni olùkọ́ tó kéré jù nínú ẹ̀ka náà, ọ̀rẹ́ Jẹ́jẹ́ nígbà tó wà láyé. Wọ́n ti gbé e sí yàrá Jẹ́jẹ́. Ìyá Ẹ̀rí ò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Bó ti ṣílẹ̀kùn, òórùn bisikíìtì àti ti ìbọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ kí i. Ife tí Jẹ́jẹ́ fi ń mu tíì wà lójú fèrèsé tí kò ṣe é ṣí, ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ti hu irun eérú bí imú eku. Lábẹ́ tábìlì, sálúbàtà Jẹ́jẹ́ ni Ẹnu-Oyin wọ̀. Ìyá Ẹ̀rí mọ̀ ọ́n, torí okùn àwọ̀ ewé tí àbúrò òun fúnra rẹ̀ fi rán ti òsì ṣì wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀gbẹ́ni náà yọ síwájú, èékánná rẹ̀ gùn, ó ń mì ín bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

"Àǹtí wa! Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n gbọn èérún yìí dànù fún yín."

"Mi ò jókòó. Ta ní kó o kọ ọ́ pé ó kan orí?"

Ẹnu-Oyin rẹ́rìn-ín. Èérún bisikíìtì wà ní igun ẹnu rẹ̀. "Àǹtí, mo kàn bá a sọ ohun tí òun náà ìbá sọ ni. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ ọ́n, ojú ń tì í jù. Ẹ ṣáà wo bó ṣe ṣe é."

Ó dìde, ó fa sálúbàtà náà lọ sójú pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí kò ṣókùnkùn sí obìnrin náà. Àwọn pọlinọ́míà kan wà tí wọ́n ń pè ní aláìfaratì. Mú méjì èyíkéyìí nínú wọn, sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, ro èyí tó bá jáde pọ̀ láti ìpẹ̀kun ọ̀pá dé ìpẹ̀kun rẹ̀, òfo ló máa jẹ́. Ọ̀kan kì í fẹ̀yìn ti èkejì. Pọlinọ́míà yòówù kó jẹ́, a lè tú u palẹ̀, ká mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí Jẹ́jẹ́ ṣe náà nìyẹn: ó wá ìdàgẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rò wọ́n pọ̀, ó sì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ odindi ò lè ju àròpọ̀ náà lọ.

"Ti àkọ́kọ́ kan orí tiẹ̀," ni Ẹnu-Oyin wí, "ti èkejì kan orí tiẹ̀, títí lọ. Bí gbogbo wọn bá kan orí lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé àpapọ̀ wọn ló máa wá fò sókè?"

"Ẹsẹ̀ ta ló gùn jù nínú ẹ̀ka yìí?" ni Ìyá Ẹ̀rí bi í.

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Awakọ̀ wa ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣáájú ẹ̀ dé ibi iṣẹ́."

"Ọrùn ta ló gùn jù?"

"Ọrùn Ọ̀gá!" Ẹ̀rín pa á. "Bí ọrùn ògòǹgò."

"Àyà rẹ nìyí, ó gùn ju ti gbogbo wa lọ. Wọn ẹsẹ̀ awakọ̀, wọn àyà tìẹ, wọn ọrùn Ọ̀gá. Rò wọ́n pọ̀. Gbé àjà síbẹ̀. Orí ta ló máa kàn án?"

Ẹnu-Oyin gbójú sókè wo àjà. Ó fi ahọ́n wá èérún tó wà ní igun ẹnu rẹ̀, ó sì rí i. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì tí mo fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀gá ni mo ti mọ̀. Ọ̀gá ti sọ fún àlejò tó ń bọ̀ síbi ayẹyẹ pé ó kan orí. Ìwé ìrántí tí iṣẹ́ òkú inú ẹ̀ kò tíì parí, ta ló fẹ́ kà á? Bẹ́ẹ̀ èmi náà, wọ́n ti ní wọ́n máa wo ti ìgbéga mi nítorí ẹ̀." Ó sún mọ́ ọn. Èémí bisikíìtì fẹ́ sí i lójú. "Àǹtí, èèyàn mélòó láyé ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ jẹ́ kí òkú sinmi."

Ìyá Ẹ̀rí fà sẹ́yìn. Ó fi aṣọ bo imú, ó jáde. Ó dé ibi omi tó wà lẹ́yìn ilé, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú yàrá yẹn. Ohun tó kó o nírìíra jù kọ́ ni irọ́ náà. Bí ọmọkùnrin yẹn ṣe fi orúkọ òkú nu ẹnu ni.

Ó pinnu pé òun á lọ sọ fún ìyá àwọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó má bàa jẹ́ láàárín àwùjọ ló ti máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyá ti wà níwájú dígí nígbà tó dé, ó ń wọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ náà wò.

"Ìwọ, ó dára bó o ṣe dé. Wá bá mi fa síìpù yìí. Ẹ̀yìn mi ò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

Ìyá Ẹ̀rí fà á.

"Rọra o, ẹran ara mi wà níbẹ̀. Ọ̀gá yín pè mí lórí fóònù. Ó ní ohun tí ọmọ mi ṣe, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́ láé. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ."

"Ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́ débi pé mo gbé fóònù mọ́ etí títí tó fi gbóná. Kí ló dé tó ò ń yínmú? Ṣé mò ń rùn ni?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa náà." Ìyá jókòó sétí ibùsùn, ó ń fọwọ́ na aṣọ náà lórí itan. "Ìgbà tó kú, ẹ̀yin olùkọ́ lẹ wá ń sọ níbí pé, 'Ó ṣe o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì parí.' Ẹ ò mọ̀ pé mò ń gbọ́. Mo gbé e sọ́kàn láti ìgbà yẹn. Ọmọ tí mo bí, kò fẹ́yàwó, kò bímọ, kò kọ́lé, iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ pa gbogbo ìyẹn tì náà, kò parí ẹ̀. Wàyí o, wọ́n ní ó parí ẹ̀." Ó wo ọmọ rẹ̀ nínú dígí. "Síìpù yìí dé òkè àbí kò dé?"

"Ó dé òkè, Màmá."

Kò rí ẹnu fi sọ ọ́. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ sì ń rí i lára. Bó bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ á máa sùn dáadáa. Bó bá dákẹ́, irọ́ á máa jẹ́ orúkọ àbúrò rẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ka ìwé náà, àbúrò rẹ̀ tí kì í fi ohun tí kò dá a lójú sílẹ̀ lójú pátákó di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ pé, wọ́n to àga sí yàrá ìpàdé, wọ́n gbé òdòdó oníke sórí tábìlì. Eruku wà lára òdòdó náà. Ìyá jókòó sí ìlà iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò àgbà, bàbá arúgbó kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bí àtè. Ó pe Jẹ́jẹ́ ní ìràwọ̀, ó pè é ní òpó, ẹni tí kò fún ní yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ẹnu-Oyin dìde, nínú bàtà tirẹ̀, ó ka iṣẹ́ náà pẹ̀lú ohùn ẹkún. Ó dé gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ó dúró díẹ̀ kó tó kà á, bí ẹni tó fẹ́ ṣí aṣọ lójú nǹkan.

"Ààlà yìí kan orí, kò sì ṣe é rẹ̀ sílẹ̀ mọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀rí ti wà lórí ìdúró kó tó mọ̀ pé òun dìde.

"Ẹni tí orí rẹ̀ kàn án dà?"

Àtẹ́wọ́ náà kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ẹ̀ka náà ń wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin ilé nínú wọn.

"Màdáámù," ni Ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín fún àlejò, "ayẹyẹ la wà o, kì í ṣe ìpàdé."

"Ó kà á pé ó kan orí. Kó mú ẹni náà wá."

Ẹnu-Oyin ṣí ìwé, ó pa á dé. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ló sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń dá lóró.

Obìnrin náà lọ sójú pátákó. "Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀pá tó rọrùn jù lọ," ló wí, "ká má lọ ju ìpele kejì, níbi tí aláìfaratì tó ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ò ju méjì lọ. Ká fún pọlinọ́míà náà ní ìtóbi kan péré, ká wọn òun àti ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí Jẹ́jẹ́ ṣe wọ̀n wọ́n. Aláìfaratì àkọ́kọ́ á fún wa ní mẹ́ta. Èkejì á fún wa ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwé yín rò wọ́n pọ̀, ó ní méjìdínlógún, ó ní ẹnì kan ga tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìtóbi kan ṣoṣo yẹn ni pọlinọ́míà náà ní láti pín fún àwọn méjèèjì. Ohun tó bá fún ọ̀kan, ó ti gbà á lọ́wọ́ èkejì. Bó bá kó gbogbo rẹ̀ fún èkejì, á rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí bó ṣe lè pín in tó máa rí jù bẹ́ẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àjà tó kan orí. Ẹni tó ga tó méjìdínlógún ò sí."

Àlejò àgbà na ọrùn, ó wo pátákó. "Òótọ́ ni," ló wí. "Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Báwo lẹ ṣe jẹ́ kí èyí kọjá?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ pé, "Ìyá Ẹ̀rí!" bí ìgbà tí wọ́n ń yin ẹni tó na ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Orí obìnrin náà wú. Ó gbádùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun gbádùn rẹ̀, pé ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ òun, gbogbo ojú sì wà lára òun. Ìgbà yẹn ló rí ìyá rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà ṣì wà níbi tí àtẹ́wọ́ bá wọn dé, ọ̀kan kọjú sí èkejì, wọn ò kanra. Ìríra tó ti ń bá a kiri láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ Ẹnu-Oyin yí padà, ó wá jókòó sára òun fúnra rẹ̀.

"Èmi ò gbọ́ mẹ́ta, mi ò gbọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni ìyá wí. Ohùn rẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́ ọ. "Ìwọ, mo bi ọ́. Ṣé ó parí ẹ̀ àbí kò parí ẹ̀?"

"Kò parí ẹ̀, Màmá."

Ìyá mú báàgì rẹ̀, ó dìde, ó jáde.

Ọ̀gá ká Ìyá Ẹ̀rí mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó lè bá ìyá rẹ̀. Òógùn ti mú kọ́là rẹ̀ tutù. "Ẹ ti dójú tì wá tó, ó ti tán," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ará ilé. Ẹ wá nǹkan fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yín síbẹ̀, a ó sì fi orúkọ yín ti tiẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò! Á dùn ún kà."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ò kọjá ìpele kejì lórí ọ̀pá kan, Ọ̀gá. Ọ̀pá tí Jẹ́jẹ́ ń bá jà pọ̀, mi ò mọ tiwọn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: àjà yìí ga jù, a ò tíì mọ ibi tó yẹ kó wà."

"Kí n kọ 'a ò mọ̀' sínú ìwé ìrántí?" Ọ̀gá yínmú, bí ẹni tí wọ́n gbé ohun tó ti bà jẹ́ síwájú rẹ̀. "Màdáámù, ta ló ń fi àìmọ̀ ṣe ìrántí?"

"Ẹ yọ ọ́ nìyẹn."

"A ó yọ ọ́."

Ó sọ ọ́ kíákíá, láìronú, bí ẹni tí wọ́n ní kó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé obìnrin náà pé wọn ò fìgbà kankan nílò iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ rárá.

Ìwé náà jáde nígbà tí òjò ti ń rọ̀. Ìyá àti ọmọ ò tíì bára wọn sọ ju ẹ káàárọ̀ àti oúnjẹ ti délẹ̀ lọ láti ọjọ́ yẹn. Ìyá Ẹ̀rí gbé ìwé náà wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó fi í sórí ibùsùn. Ó nípọn, ó ń rùn gọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ Ọ̀gá wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ Ẹnu-Oyin wà nínú rẹ̀, ti àwọn tí kò mọ Jẹ́jẹ́ rí láyé náà wà níbẹ̀.

Ìyá ṣí i. "Ojú-ewé wo ni tiẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, Màmá. Fọ́tò rẹ̀ nìkan ni."

Ìyá wá fọ́tò náà kàn, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó wò ó pẹ́. Wọ́n ti fi táì sí ọkùnrin náà lọ́rùn. Wọ́n ti fọ ojú rẹ̀ funfun bí àwo, wọ́n ti yọ àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ kúrò, èyí tó gbà nígbà tó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, tí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú.

"Ta lèyí?" ni ìyá wí.

"Òun ni wọ́n ní í ṣe."

"Kì í ṣe òun o." Ìyá pa ìwé náà dé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í lọ sétí ibùsùn bí ẹni tó ń ti aṣọ ẹlẹ́gbin. "Gbé e kúrò níbí. Ó ń rí mi lára."

Ìyá Ẹ̀rí gbé e. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ."

"Màmá."

"Tó o bá ti gbé e síbòmíì, padà wá jókòó. Mo ṣì ń bínú sí ọ o, má rò pé ó ti tán." Ìyá ń fọwọ́ tẹ́ ibi tí ìwé náà ti rún aṣọ ibùsùn. "Àmọ́ kò parí ẹ̀, kò parí ẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn í sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí, ibo gan-an ló bá a dé?"